Òógùn Abẹ́ Ìyẹ́

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Gbogbo wa la ń pa òwe yìí. Bí a bá rí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ní gbangba tí a sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ le, a ó mi orí, a ó ní adìẹ ń làágùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ, ta ló ti rí òógùn adìẹ rí? Èmi ti tu ìyẹ́ adìẹ láìmọye ìgbà, omi gbígbóná tí mo fúnra mi dà lé e lórí nìkan ni mo rí lára rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò tu ìyẹ́ adìẹ kankan. Ọwọ́ ló kì bọ abẹ́ ìyẹ́ nígbà tí adìẹ ṣì wà láàyè, ohun tó sì kàn níbẹ̀ ló la ojú rẹ̀ sí nǹkan mìíràn nínú ilé ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi adìẹ.

Láògún ni orúkọ ọkùnrin náà, akọpẹ ni, ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ahùn. Kò sí ọ̀pẹ tó ga jù fún un láti gùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìrora tó kéré jù fún un láti ké sí. Bí ẹ̀gún bá gún un lóko, abúlé á gbọ́. Bí orí bá fọ́ ọ lálẹ́, àwọn aládùúgbò kò ní sùn. Kò burú lọ́kàn o, ẹnu rẹ̀ ni kò ní ìlẹ̀kùn. Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní ìlẹ̀kùn ní tirẹ̀, ó sì máa ń tì í pa. Bí o bá bi í bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́, á ní kò rẹ òun. Bí ebi bá ń pa á, á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni. Wùmí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà nílé ọkọ ní ọ̀nà jíjìn, àwọn méjèèjì nìkan ló kù sílé.

Igbà tí Láògún fi ń gun ọ̀pẹ ti gbó. Igbà ni okùn tí akọpẹ máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn tí á fi rọ̀ mọ́ ọ̀pẹ, ẹ̀mí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ okùn náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àtọ́kẹ́ sọ fún un pé kó hun òmíràn. Láògún ní òun àti igbà náà ti jọ gòkè tipẹ́, àwọn mọ ọwọ́ ara àwọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nínú oko tó jìnnà, igbà já. Àtọ́kẹ́ wà nísàlẹ̀ tó ń ṣa ẹyìn tó ń já bọ́, ló bá gbọ́ tí nǹkan dún gbì lẹ́yìn rẹ̀. Kó tó yíjú, ọkọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti ṣẹ́.

Àtọ́kẹ́ pariwo títí, kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí ọkọ òun rọ̀ mọ́ òun lọ́rùn, ó sì pọ̀n ọ́n bí ẹní pọn ọmọ. Ọkùnrin gìrìwò, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nígbà tí wọ́n dé odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí òkúta, tòun tọkọ sì ṣubú. Láògún figbe ta pé ó fẹ́ pa òun. Àtọ́kẹ́ tọrọ àforíjì, ó dìde, ó tún un pọ̀n. Ẹnu ọ̀nà abúlé ni àwọn èèyàn ti wá gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo wọn yí Láògún ká, wọ́n ń kí i pẹ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó kí Àtọ́kẹ́. Ó fa ìborùn rẹ̀ bo èjìká, ó wọlé lọ tẹ́ ẹní.

Bàbá Ọ̀parìndé ni wọ́n ránṣẹ́ sí, àgbàlagbà tó ń to eegun fún gbogbo agbègbè náà. Ẹ mọ ìṣe àwọn tó ń to eegun. Bí wọ́n bá fẹ́ to ẹsẹ̀ èèyàn, wọn á mú adìẹ kan, wọn á ṣẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà, ọ̀tún fún ọ̀tún, òsì fún òsì. Ewé tí wọ́n bá fi dì èèyàn ni wọn á fi dì í, igi pẹlẹbẹ tí wọ́n bá fi há èèyàn lẹ́sẹ̀ ni wọn á gé wẹ́wẹ́ há tirẹ̀. Bí adìẹ bá ṣe ń san ni èèyàn á máa san. Ọjọ́ tí adìẹ bá fi ẹsẹ̀ méjèèjì wa ilẹ̀ wá kòkòrò, ọjọ́ náà ni wọn á tú ẹsẹ̀ èèyàn sílẹ̀. Bí wọ́n bá tú u ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ á wọ́, akọpẹ kò sì ní gun ọ̀pẹ mọ́ láyé.

Bàbá ní kí Àtọ́kẹ́ lọ mú adìẹ wá. Àtọ́kẹ́ ní àgbébọ̀ kan tó sanra, ó gbé e, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ wúwo láti padà. Ó ti gbọ́ bí eegun ṣe ń ṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò fẹ́ tún gbọ́ ọ. Bó ṣe ń kọjá lójúde Ìyá Ṣeéwá aládùúgbò wọn, ó rí i tí ìyẹn jókòó ti ìkòkò omi gbígbóná, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, abo adìẹ pupa kan sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò lè dìde. Ọmọ odó ló ṣubú lé adìẹ náà, ó ṣẹ́ ẹ nítan ọ̀tún. Àtọ́kẹ́ kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gba àgbébọ̀ òun kó fún òun ní èyí. Ìyá Ṣeéwá wo adìẹ, ó wo Àtọ́kẹ́, ó ní bóyá ìbẹ̀rù ti dà á lórí rú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀? Ó da omi gbígbóná nù, ó sì lọ so àgbébọ̀ tuntun mọ́lẹ̀.

Bàbá Ọ̀parìndé yẹ ẹsẹ̀ adìẹ náà wò. Ó ní láti ìgbà èwe òun ni òun ti ń ṣẹ́ adìẹ lẹ́sẹ̀ nítorí èèyàn, òun kò sì fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Èyí tí Àtọ́kẹ́ mú wá yìí dára," ó ní. "Láògún, ìkejì rẹ rèé. Ọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì ni ẹsẹ̀ rẹ wà."

Wọ́n di Láògún, wọ́n di adìẹ. Àtọ́kẹ́ tẹ́ èèpo àgbàdo gbígbẹ sínú agbọ̀n, ó gbé adìẹ sí i, ó gbé agbọ̀n ti orí ẹní ọkọ rẹ̀. Láàárọ̀, kó tó lọ sóko, á rẹ èérún àgbàdo sínú omi fún un. Nírọ̀lẹ́, á fọ́ ilé ikán wá láti ọ̀nà oko, á gbọn ikán sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Láàárín méjèèjì, òun ló ń pọnmi, òun ló ń ṣẹ́gi, òun ló ń pa èkùrọ́, òun náà ló ń gbé ọkọ rẹ̀ jókòó tó sì ń tẹ́ ẹ padà.

Láògún ní tirẹ̀ ń ké. Àwọn èèyàn ń gbé oúnjẹ wá, wọ́n ń bá a kẹ́dùn, á sì tún ìtàn igbà tó já sọ fún ẹni tó ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó ń bí i nínú ni pé adìẹ kò bá òun ké. Ó jókòó sínú agbọ̀n jẹ́ẹ́ bí ìyàwó tuntun, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere.

"Èwo ló ń dun eléyìí?" ó bi Àtọ́kẹ́ lọ́jọ́ kan. "Èmi ni mo ń jẹ ìyà àwa méjèèjì. Ìwọ náà tún wà ńbẹ̀, ọ̀kan náà ni ìwọ àti adìẹ yìí. Kò sí ohun tó ń dùn yín láyé."

Àtọ́kẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní kó ṣe pẹ̀lẹ́, ó gbé ìkòkò, ó lọ sódò.

Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ á wá ẹni bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, tí àwọn àlejò ti dín kù, Láògún bẹ̀rẹ̀ sí í bá adìẹ sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ ń bú u ni. Nígbà tó yá, ó ń sọ fún un nípa ọ̀pẹ tó wà létí àbàtà, bí ẹyìn rẹ̀ ṣe máa ń pọ́n ṣáájú ti gbogbo oko. Ó ń bu èérún àgbàdo sí àtẹ́lẹwọ́, adìẹ á sì máa ṣà á jẹ níbẹ̀, á máa kan ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Kò jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ti ń fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlá, Láògún jí, ó rí adìẹ lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó dúró gbọn-in nínú agbọ̀n, ó na ọrùn. Inú Láògún dùn débi pé ó gbàgbé láti kérora. Ẹyìn ti pọ́n lóko, àwọn akọpẹ yòókù ti ń gé tiwọn, òun ló sì wà lórí ẹní yìí. Ó ní kí ẹni tó ń kọjá bá òun pe Bàbá wá, kó wá tú òun sílẹ̀, adìẹ ti san. Sùúrù rẹ̀ kò dúró de Bàbá. Ó jókòó, ó fà á títí ó fi tú okùn àkọ́kọ́, ó bọ́ sórí ìkejì.

Bí Àtọ́kẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Ó dà bí ẹni pé wọ́n yọ ọ̀bẹ sí i. Ó di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Bàbá Wùmí, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí Bàbá dé ná."

"Adìẹ ti dìde, o ò rí i? Kò ké, kò gbọ̀n. Ó ti san."

Níbi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà ni Bàbá Ọ̀parìndé dé. Kò bá Láògún jà. Ó jókòó, ó gbé adìẹ lé e nítan, ó ní kó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, níbi itan, kó fi síbẹ̀ pẹ́ díẹ̀.

Láògún ṣe bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Abẹ́ ìyẹ́ náà gbóná bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú nínú eérú, ó sì tutù fún omi. Okùn tí wọ́n fi di igi mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ti jẹ ẹran ara rẹ̀ wọlé, ojú egbò náà ń ṣomi, gbogbo itan ń lù kìkì. Ìyẹ́ pupa tó lẹ́wà ti bò ó mọ́lẹ̀, kò sí ẹni tó rí i.

"Kò san," ni Bàbá wí. "Adìẹ tó bá fi ìrora rẹ̀ hàn, òun ni àwòdì á kọ́kọ́ gbé. Ìyẹn ni kì í fi í ké. Ó dúró fún ọ láti àárọ̀, ó sì ń làágùn."

Láògún tẹjú mọ́ adìẹ náà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìyẹ́ náà. Ọjọ́ méjìlá ni ẹranko yìí fi sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, òun kò sì ráyè mọ ohun tó ń ṣe é, nítorí ariwo òun pọ̀ jù. Ojú tì í gidigidi. Bàbá tún okùn ẹsẹ̀ Láògún so kó tó dẹ̀, ó dẹ ti adìẹ díẹ̀, ó ní bí òun bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ẹsẹ̀ akọpẹ ì bá ti di ẹsẹ̀ arọ. Ó ní ti adìẹ yìí, bí egbò rẹ̀ bá jinná, á rìn. Bí kò bá jinná, kí Láògún má retí ẹsẹ̀ tirẹ̀.

Láti ọjọ́ náà lọ, Láògún ló ń tọ́jú adìẹ. Ó gbà á lọ́wọ́ Àtọ́kẹ́ pátápátá. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, á ya ìyẹ́ sí méjì pẹ̀lú ìka, á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ egbò náà, á fi òrí pa á. Ọjọ́ méjì kan tí adìẹ kò lè jẹun, ó rún àgbàdo lẹ́nu ara rẹ̀, ó ń fi lé e lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ibà mú adìẹ, ó gbé e sí àyà, kò mira. Àwọn aládùúgbò ṣàkíyèsí pé ilé Láògún dákẹ́, wọ́n rò pé ó ti kú.

Ẹni tó bá ti kọ́ bí a ṣe ń wo abẹ́ ìyẹ́ kò lè dá ojú rẹ̀ dúró mọ́. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, ní ìrọ̀lẹ́, Láògún ń wo Àtọ́kẹ́ tó ń ti oko bọ̀. Ó ń bá Ìyá Ṣeéwá ṣàwàdà lójúde, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi sọ igi kalẹ̀. Ó dáná, ọwọ́ ọ̀tún ló fi fẹ́ ẹ, òun ló fi gbé ìkòkò, òun ló fi ro ọkà. Ooru mú, ẹ̀fín kún ilé, síbẹ̀ ìborùn wà léjìká rẹ̀. Láògún wá rántí pé òun kò tíì rí i láìsí ìborùn yẹn láti ọjọ́ tí òun ti ṣubú.

Ó ní kó bọ́ ọ, ooru mú. Àtọ́kẹ́ ní òtútù díẹ̀ ló ń mú òun. Láògún ní kó wá bá òun di adìẹ mú nígbà náà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ agbọ̀n, Láògún na ọwọ́, ó kì í bọ abẹ́ ìborùn.

Ó gbóná, ó tutù fún omi. Èjìká òsì ìyàwó rẹ̀ wú bí igbá, eegun rẹ̀ yọ síta lọ́nà tí eegun kì í gbà yọ, òógùn ti mú kí ìborùn náà rin ṣinṣin. Àtọ́kẹ́ kò ké. Ó kàn di ẹnu agbọ̀n mú.

"Láti ìgbà wo?" ni Láògún bi í.

"Láti ọjọ́ odò. Mo fi èjìká gba ilẹ̀ kí ẹsẹ̀ yín má baà kàn án."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

Àtọ́kẹ́ ronú sí i, bí ẹni pé òun náà kò tíì bi ara rẹ̀ rí.

"Bí àwa méjèèjì bá jọ ń ké," ó ní, "ta ni yóò pọnmi?"

Láògún rántí igbe tó ké létí odò. Ó rántí pé òun sọ pé kò sí ohun tó ń dùn ún láyé. Ó wo adìẹ nínú agbọ̀n, ó wo obìnrin tó pọ̀n ọ́n dé abúlé.

"Adìẹ ń làágùn," ó wí. "Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí n mọ̀."

Ó sì bú sẹ́kún. Ẹkún náà di igbe, igbe náà sì gba abúlé kan. Àwọn èèyàn jáde, wọ́n ń kùn. Ìyá Ṣeéwá ní ìnira ọkùnrin yìí tún ti dé. Nígbà tí wọ́n wọlé, Láògún ń nàka sí ìyàwó rẹ̀.

"Kì í ṣe èmi," ó ń sọ. "Kì í ṣe èmi. Àtọ́kẹ́ ni. Ẹ bá mi pe Bàbá."

Bàbá Ọ̀parìndé dé, ó fi ọwọ́ wá eegun náà, ó ní bó bá fi ọjọ́ méje pẹ́ sí i ni, apá náà kì bá gbé igbá kan orí mọ́. Ó tò ó. Àtọ́kẹ́ sì ké lọ́jọ́ náà, Láògún ló dì í mú, ó ń sọ fún un pé kó ké dáadáa. Nígbà tí Bàbá béèrè adìẹ tí òun yóò ṣẹ́ lápá, Láògún gbé agbọ̀n mọ́ra. Ó ní ìkejì òun ti tó fún àwọn méjèèjì. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n òun gbà.

Ẹ fẹ́ mọ ẹni tó pọnmi? Ìyá Ṣeéwá ni, pẹ̀lú gbogbo abúlé, títí wọ́n fi tú gbogbo ìdì inú ilé náà. Adìẹ ló kọ́kọ́ san. Ó jáde lọ́jọ́ kan, ó tiro díẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì wa ilẹ̀ lójúde, ìyẹ̀pẹ̀ ń fò sẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Láògún fi ọ̀pá rìn. Àtọ́kẹ́ ló gbẹ̀yìn, ní àárọ̀ tó na ọwọ́ méjèèjì sókè tó fi wé gèlè. Láògún hun igbà tuntun kó tó padà sídìí ọ̀pẹ. Kò sí ẹni tó fi ọ̀bẹ kan adìẹ pupa náà; ó dàgbà, ó gbó, ó kú fúnra rẹ̀.

Wọ́n ní láti ìgbà náà, bí Láògún bá ti oko dé, á bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ara le. Àtọ́kẹ́ á ní kò sí nǹkan kan, nítorí ìwà kì í tètè kúrò lára èèyàn. Láògún kò ní jiyàn. Á kàn gbé ọwọ́ lé e léjìká, á fi síbẹ̀ pẹ́ díẹ̀.

Ibi tí wọ́n sọ ọ́ fún mi dé nìyẹn, ibẹ̀ ni èmi náà máa dúró sí. Nígbà tí ẹ bá tún rí ẹni tí kì í ráhùn, tí ẹ sì fẹ́ mi orí kí ẹ ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀, ẹ rántí pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò sọ ọ́ láti òkèèrè. Ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ìyẹ́ náà.